Èèyàn Wà Níbẹ̀

Aṣọ ìnujú funfun ni ìyá mi fi ń gba àyè ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kí agogo àkọ́kọ́ tó dún lọ́jọ́ Ìsinmi, ó ti wà lórí bẹ́ńṣì kẹta lápá ọ̀tún, ó sì ti to ẹrù rẹ̀ láti ìdí ara rẹ̀ dé ẹ̀bá ògiri. Bíbélì dúró fún èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí, ìwé orin dúró fún àbúrò mi ọkùnrin, pọ́ọ̀sì dúró fún àbíkẹ́yìn wa obìnrin. Aṣọ ìnujú ni ti bàbá mi. Tíṣà ni bàbá mi, kì í pẹ́ dé ilé ìwé, àmọ́ bó bá di ọjọ́ Ìsinmi, bàtà gbogbo ilé ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi pólíìṣì nù kó tó kó wa bọ̀. Nígbà tí a bá fi máa dé, wọ́n ti ń kọ orin ìwọlé.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Surulere máa ń kún nígbà náà. Àwọn tó bá dé, tí wọ́n sì rí bẹ́ńṣì tó ṣófo, á yà síbẹ̀. Ìyá mi kò ní gbé orí sókè. Á kàn sọ pé, “Èèyàn wà níbẹ̀.”

Mo ti dàgbà kí n tó kíyè sí gbólóhùn yẹn dáadáa. Kì í sọ pé ẹnìkan ń bọ̀ wá jókòó. Ó ní èèyàn wà níbẹ̀, bí ẹni pé a ti jókòó pẹ́, tó jẹ́ pé ojú ẹni tó ń wò ni kò ríran tó.

Ìyá àgbà kan tó ti ilé wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ kò gbà lọ́jọ́ kan. Ó dúró ti bẹ́ńṣì, ó ń wo aṣọ ìnujú náà. Ó ní, “Ìyá, ṣé afẹ́fẹ́ ni ẹni yẹn ni?”

Ìyá mi dá a lóhùn pé, “Afẹ́fẹ́ tó jẹ ẹ̀bà lánàá ni, mà. Ó ń bọ̀.”

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín títí àlùfáà fi wò wọ́n. Láti ọjọ́ náà, ìyá àgbà yẹn kì í pe bàbá mi ní nǹkan mìíràn mọ́. Bó bá ti rí i lẹ́nu ọ̀nà ni yóò sọ fún àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, “Afẹ́fẹ́ ti dé.” Bàbá mi á ṣí fìlà fún un.

Lẹ́yìn tí bàbá mi kú, ìyá mi ṣì ń mú aṣọ ìnujú náà lọ. Mo wà níbẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tó padà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó tẹ́ ẹ, ó wò ó, ó ká a, ó fi nu ojú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá jókòó síbẹ̀, ìyá mi kò sì sọ fún un pé èèyàn wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi ló mú mi ronú kan gbogbo èyí.

Ní gbogbo ìgbà èwe wa, ìtàn kan wà tí ìyá mi máa ń sọ, pàápàá bí iná bá lọ tí kò sí ohun tí a lè wò. Ìtàn ọjọ́ tí wọ́n sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lọ sí wọ́ọ̀fù ní Àpápá ni, nígbà tí ẹni tó bá ń lọ kàwé nílùú òyìnbó ṣì ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ. Mo ti gbọ́ ọ débi pé mo lè kọ ọ́ bó ṣe ń sọ ọ́:

“Wọ́n wọ kóòtù fún ẹ̀gbọ́n mi nínú oòrùn, ó ń làágùn bí ẹni tó jí nǹkan. Bàbá wa ní àwọn àgbà nìkan ló máa gòkè lọ wo inú ọkọ̀ kí fèrè tó dún. Wọ́n ní kí n dúró nísàlẹ̀ kí n máa ṣọ́ apẹ̀rẹ̀ gaàrí. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ìyá wa ní ilé gidi ni inú rẹ̀, pé ibùsùn wà níbẹ̀, omi ẹ̀rọ wà níbẹ̀. Gbogbo wọn ló ń sunkún, wọ́n gbàgbé apẹ̀rẹ̀ sọ́wọ́ mi. Bí ọkọ̀ ṣe lọ nìyẹn. Ọkọ̀ lọ, gaàrí kù.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà dé nígbà tó ṣe, àmọ́ ọkọ̀ òfuurufú ló gbé e wálé, nítorí náà ìyá mi kò tún ní ìdí láti lọ sí wọ́ọ̀fù mọ́. Ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo tó wọ̀ láyé rẹ̀ ni ọkọ̀ onígi tí wọ́n fi tù ú wọ Makoko nígbà tó lọ kí òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó bímọ. Ó ní omi wọ bàtà òun, òórùn ẹja yíyan kò sì kúrò lára gèlè òun fún ìgbà pípẹ́.

Nígbà tí ọgọ́rin ọdún rẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà, àwa ọmọ ń rò ó pé a máa gba gbọ̀ngàn. Ó ní òun ò fẹ́ gbọ̀ngàn. Ó ní òun fẹ́ wọ inú ọkọ̀ tó gbé ẹ̀gbọ́n òun lọ. A sọ fún un pé wọ́n ti tú ọkọ̀ yẹn palẹ̀ tipẹ́. Ó ní kò burú, pé òun á wọ àbúrò rẹ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ló rí èyí tó bá a mu. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ kan wà tó máa ń gbéra ní Liverpool, níbi tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti gúnlẹ̀ láyé ọjọ́sí, á yí etí òkun ká títí dé àríwá Scotland, á sì padà síbi tó ti gbéra. Ó ṣì ku ohun tó ju ọdún kan lọ kí ìrìn àjò náà tó dé, àmọ́ àbúrò mi ní ká má jáfara. Ó ní bí a bá tètè gba àyè, wọ́n á fún wa ní yàrá tó tẹ̀ léra láàárín ọkọ̀, níbi tí ìgbì kì í ti í da èèyàn láàmú, pé ẹni tó bá pẹ́ ni wọ́n máa ń jù sí imú ọkọ̀.

Ìyá mi gbọ́ ọ lórí fóònù, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ṣé èmi lẹ wá ń kọ́ ní ká tètè gba àyè?”

A lè gba àyè náà lórí fóònù láti orí àga ní pálọ̀. Ìyá mi kọ̀. Ó ní òun kì í gba àyè lọ́wọ́ ẹni tí òun kò rí ojú rẹ̀. Bí a ṣe lọ sí Sábó nìyẹn, èmi, òun àti àbíkẹ́yìn wa, lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń bá èèyàn ṣètò ìrìn àjò lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba iná sí fóònù. Àǹtí onítíkẹ́ẹ̀tì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Àtẹ̀gùn ọ́fíìsì rẹ̀ ga, ìyá mi sinmi lẹ́ẹ̀mejì kó tó gùn ún tán. Ó ní bí ti ọkọ̀ bá rí báyìí, a jẹ́ pé òun ti bẹ̀rẹ̀ ìgbáradì.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ àbúrò mi obìnrin yìí. Yaba ló ń gbé, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ìwé girama. Iléeṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, wọn kì í sì í fún un ní ìsinmi gígùn, nítorí náà kò sí nínú ìrìn àjò yẹn. Wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó tipẹ́, wọn kò tíì bímọ. A kì í sọ ọ́ nínú ilé wa. Àdúrà ìparí nìkan la fi ń sọ ọ́, nígbà tí ojú gbogbo wa bá wà ní dídì.

Àǹtí onítíkẹ́ẹ̀tì ní kí a jókòó, ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì ṣàlàyé bí ẹni tó ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ẹbí. Ó ní ìrìn àjò tó jìnnà báyìí, ètò èèyàn lè yí padà, ọkọ̀ náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Orúkọ lè yí. Iye ibùsùn ni kò lè yí. Ẹni tó bá ní òun ò lè lọ mọ́, ẹ lè fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ títí dìgbà tí wọ́n bá ti ìwé wọn pa. Tí wọ́n bá ti tì í, ó parí.”

Ìyá mi fara mọ́ ọn. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni ti ṣọ́ọ̀ṣì, pé tí wọ́n bá ti ń ka ẹ̀kọ́ kejì, òun kì í lè di àyè mú mọ́.

Lẹ́yìn náà ni Àǹtí béèrè ìbéèrè kan. Ó ní kí a má bínú, pé gbogbo èèyàn lòun máa ń bi. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni wà láàárín wa tó lè lóyún kí ìgbà náà tó dé. Ó ní ọkọ̀ kì í gba oyún tó bá ti ń wọ oṣù kẹfà, kì í sì í gba ọmọ tí kò bá tíì pé oṣù mẹ́fà, nítorí kò sí ilé ìwòsàn ńlá lórí omi.

Ẹ̀rọ amúnáwá ń pariwo nísàlẹ̀. Ìyá mi wo kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri, mo sì rí àtàǹpàkò rẹ̀ tó ń fọwọ́ kan ìka yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń ka oṣù.

Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ. Ó kọ ti ìyá mi, ti èmi, ti àbúrò mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀. Ó wá kojú sí àbíkẹ́yìn wa, ìyẹn sì ti ń fa páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ yọ nínú báàgì.

Ìyá mi ní, “Ọmọ mi, má kọ orúkọ síbẹ̀ yẹn. Fi í sílẹ̀ báyìí.”

Àǹtí ní, “Màmá, wọn kì í fi àyè sílẹ̀ lófìfo nínú ọkọ̀. Ẹ̀rọ yìí ò ní jẹ́ kí n kọjá.”

“Kì í ṣe òfìfo. Èèyàn wà níbẹ̀.”

“Ta ni, mà?”

Ìyá mi dárúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì, opó kan tó ń gbé ní òpópónà kejì sí wa. Ó pè é lórí fóònù níbẹ̀, ó gba orúkọ rẹ̀ bó ṣe wà nínú páásípọ́ọ̀tù, Àǹtí sì kọ ọ́. Àbúrò mi dá páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ padà sínú báàgì. Ó ní òun ní kíláàsì, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ. Ìgbà yẹn, ilé ìwé wà ní ìsinmi.

Mo lọ bá a nílé rẹ̀ ní Yaba nígbà tó ṣe, nítorí kò wá jẹ ìrẹsì ọ̀sán Ìsinmi lọ́dọ̀ ìyá mi mọ́. Ó ń máàkì àwọn ìwé ìdánwò. Kò gbé bíárò sílẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo ti ń retí kí aráyé yọ mí kúrò láàárín àwọn tó ní ọmọ. Mi ò retí kí Màámi yọ mí kúrò láàárín ọmọ.”

Mo ní bóyá ìyá wa ní ìdí kan. Ó ní kí n lọ bi wọ́n, ṣebí iṣẹ́ mi ni kí n máa bi èèyàn léèrè.

Mo bi ìyá mi. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Ó ní kí n ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná ná.

Ó ní, “Ọkọ̀ tí kì í gba aboyún ni. Tí mo bá jókòó sí ọ́fíìsì ẹni ẹlẹ́ni, tí mo ní kí wọ́n kọ orúkọ ọmọ mi sí i, kí ni mo sọ nípa gbogbo oṣù tó wà láàárín? Mo ti fi ẹnu ara mi sọ pé nǹkan kan ò ní ṣẹlẹ̀. Mo ka oṣù náà. Bó bá rí oore ní èyí tó pọ̀ jù nínú oṣù yẹn, bí ọkọ̀ náà ò bá lé òun fúnra rẹ̀, á lé ọmọ ọwọ́ rẹ̀. Mo ń fi àyè sílẹ̀ fún un ni.”

Mo ní kó jẹ́ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún àbúrò mi.

“O ò gbọdọ̀ dán an wò. Ṣé wọ́n máa ń dúró ti ẹni tí ebi ń pa kí wọ́n máa ka orúkọ oúnjẹ sí i létí ni?”

Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí ni mo fi ń jẹun láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ìròyìn. Àwọn méjèèjì yìí ti sọ tiwọn fún mi, ó yé mi yékéyéké, mi ò sì lè gbé ti ọ̀kan dé etí èkejì. Ìyá mi ń bẹ̀rù kí ẹnu òun má ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ sì gbà pé ilẹ̀kùn ti tì.

Ọ̀rẹ́ ìyá mi ní tirẹ̀ ti ń múra. Ìyá mi sọ fún un pé òun fi orúkọ rẹ̀ di àyè mú. Ohun tí obìnrin náà gbọ́ ni pé òun ti ní àyè. Ó lọ sí ọjà òkìrìkà ní Yaba, ó ra súwẹ́tà pupa kan tó nípọn bí tìmùtìmù, ó ra fìlà onírun. Ó bi mí bóyá wọ́n máa ń gba ara Olúwa nínú ọkọ̀. Ó sọ fún mi pé òun ti ń fi ẹsẹ̀ kan dúró ní báfúrúùmù kí ìgbì má baà bá òun lójijì. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin gbàdúrà lé e lórí ní ìpàdé. Físà tí wọ́n fún un nígbà tó lọ tọ́jú ọmọ ọmọ rẹ̀ ní ìlú òyìnbó ṣì wà láàyè, ó sì ń sọ fún gbogbo èèyàn pé Ọlọ́run ti mọ ìdí tí físà náà kò fi tíì kú. Bí ó bá ti ń sọ̀rọ̀ báyìí, ìyá mi á máa wo ilẹ̀. Ó fẹ́ ṣàlàyé, kò rí ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀, nítorí bó bá ṣàlàyé àyè yẹn, ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ ló máa fi ṣàlàyé rẹ̀.

Báyìí ni oṣù ń gorí oṣù. Kò sí ìròyìn ayọ̀ láti Yaba. Àǹtí onítíkẹ́ẹ̀tì pè mí pé wọ́n máa tó ti ìwé ọkọ̀ pa, pé bí orúkọ kan bá máa yí, ká tètè wá. Mo jíṣẹ́ náà fún ìyá mi. Ó ní òun ti gbọ́.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ìdúpẹ́ ìrántí bàbá mi bọ́ sí i. Àbúrò mi gbọ́dọ̀ wá. Mo ti jókòó sí bẹ́ńṣì kẹta pẹ̀lú ìyá mi láti òwúrọ̀, Bíbélì rẹ̀ wà lápá òsì rẹ̀, aṣọ ìnujú wà lápá ọ̀tún. Ìsìn bẹ̀rẹ̀, àbúrò mi kò tíì dé. Ìwà bàbá mi ló jogún, òun náà kì í tètè jáde nílé. Ṣọ́ọ̀ṣì kún. Ọ̀rẹ́ ìyá mi ń bọ̀ láti ẹ̀yìn níbi tó ti ń pín ìwé ètò ìsìn, ó rí àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì ti ń tẹ̀ ba láti jókòó.

Ìyá mi kò gbé orí sókè. Ó ní, “Èèyàn wà níbẹ̀.”

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró ní ìtẹ̀ba. Ó wo aṣọ ìnujú. Ó yí ojú padà, ó rí àbúrò mi lẹ́nu ọ̀nà, tó ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ pẹ̀lú bàtà tó ń kọ ko-ko-ko. Ó tún wo aṣọ ìnujú náà. Mo rí i lójú rẹ̀ bí ó ṣe ń yé e.

Ó rẹ ohùn sílẹ̀, àmọ́ obìnrin tí kò mọ ohùn rírẹ̀ sílẹ̀ ni. Ó ní, “Ọ̀rẹ́ mi. Nínú ọkọ̀ yẹn, ṣé èmi ni aṣọ ìnujú?”

Àbúrò mi ti dé ẹ̀gbẹ́ wa. Ó gbọ́ ọ. Ìyá mi mú aṣọ náà kúrò, ó sún, ó sì gbé e sójú, bí ẹni tí òógùn ń yọ lẹ́nu. Àbúrò mi jókòó. Ó wo ìyá rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ní gbogbo àkókò ìwàásù.

Lábẹ́ igi fúrúùtù tó wà nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti sọ ọ́, lẹ́yìn tí wọ́n ti ya fọ́tò tán. Àbúrò mi ló bẹ̀rẹ̀. Ó ní, “Màámi, ta lẹ ń di àyè mú fún nínú ọkọ̀?”

Ìyá mi ní, “Ìwọ ni.”

“Ẹ ní kí wọ́n má kọ orúkọ mi.”

“Ìwọ àti ẹni tó máa bá ọ wá ni.”

Àbúrò mi mọ ìṣirò. Mi ò rò pé ó pẹ́ kó tó ka oṣù náà, kó rántí ìbéèrè Àǹtí àti ìka tó ń rìn lórí ìka. Ewé kan já bọ́ sórí gèlè ìyá mi, àbúrò mi bá a mú un kúrò. Ó ní, “Màámi, àlejò ò tíì dé, ẹ ti ní kí ọmọ onílé dìde. Ẹ jẹ́ kí n jókòó. Tó bá dé, mo máa sọ̀ kalẹ̀ fún un. Àǹtí yẹn ní orúkọ lè yí.”

“Ṣé ẹnu mi ò ní ti ilẹ̀kùn oore mọ́ ọ?”

“Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé kì í ṣe irọ́ tí wọ́n bá ní èèyàn wà níbẹ̀.”

Ìyá mi di apá ọmọ rẹ̀ mú, wọ́n sì dúró bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti ń ṣe bí ẹni tó ń ṣa èso fúrúùtù nílẹ̀ ló tú wa ká. Ó ní òun ti yọ̀ǹda àyè, pé òun ò tiẹ̀ fẹ́ràn omi, ẹsẹ̀ òun ti ń dun òun nítorí ìdúró báfúrúùmù. “Ṣùgbọ́n súwẹ́tà mi á wọkọ̀. Mi ò ní gbà kí àdúrà tí ẹgbẹ́ gbà lé mi lórí já sí asán.”

A padà sí Sábó. Àǹtí onítíkẹ́ẹ̀tì pa orúkọ kan rẹ́, ó kọ òmíràn, kò pẹ́ rárá. Àbúrò mi ti ní físà láti ìgbà tó lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìyá mi wo bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, ó ní kí Àǹtí tún lẹ́tà kan ṣe, ó sì tọ̀nà.

Òtútù wà ní Liverpool lọ́jọ́ tí a fẹ́ wọkọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ìyá mi wọ súwẹ́tà pupa náà, ọwọ́ rẹ̀ gùn kọjá ìka. Níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù wò, ọkùnrin kan fa ọ̀rá kan yọ nínú báàgì rẹ̀, ó tú u, ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Gaàrí ni. Kò sẹ́ni tó mọ̀ láàárín wa pé ó gbé e bọ̀ láti Surulere. Àbúrò mi ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọkùnrin náà dì í padà, ó fi í sí ìyá mi lọ́wọ́. Ìyá mi ní, “Lọ́tẹ̀ yìí, a jọ ń lọ ni,” gaàrí ló sì ń bá sọ̀rọ̀. Ó gun àtẹ̀gùn ọkọ̀ láìsinmi.

Gbọ̀ngàn onígíláàsì kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tí gbogbo èèyàn máa ń sáré lọ láti wo bí ilẹ̀ ṣe ń jìnnà sí wọn. Ìyá mi ti béèrè ọ̀nà ibẹ̀ kí a tó já ẹrù wa tán. Nígbà tí mo fi débẹ̀, ó ti jókòó sí ìlà àkọ́kọ́ lẹ́bàá gíláàsì, báàgì rẹ̀ wà lórí àga kan, fìlà onírun wà lórí èkejì, aṣọ ìnujú funfun wà lórí ẹ̀kẹta. Mo gbé báàgì, mo jókòó. Àbúrò mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn wa, wọ́n ń ya fọ́tò. Àbúrò mi obìnrin wà ní yàrá, ó ń wá bàtà.

Òyìnbó àgbàlagbà kan dé pẹ̀lú ife tíì, ó tẹ orí ba, ó nàka sí àga tí aṣọ ìnujú wà. Ìyá mi ń wo omi. Ó ní, “Èèyàn wà níbẹ̀.”

Èdè Yorùbá ló fi sọ ọ́. Ọkùnrin náà mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yé, ó sì lọ wá àyè síbòmíràn.

Fèrè ọkọ̀ dún. Ìyá mi di apá àga mú. Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sún díẹ̀díẹ̀, o kò ní mọ̀ pé àwa là ń lọ. Àwọn kan dúró lórí èbúté nísàlẹ̀, wọ́n ń juwọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í juwọ́ padà sí wọn, sí àwọn tí kò mọ̀ rí. Ìgbà yẹn ni àbúrò mi sáré wọlé, bàtà rẹ̀ ń kọ ko-ko-ko. Ó gbé aṣọ ìnujú kúrò lórí àga, ó jókòó.

Ó na aṣọ náà sí ìyá rẹ̀. Kí ìyẹn tó gbà á, ó fà á padà. Àga kan ṣì ṣófo lápá kejì rẹ̀. Ó nà sọ́hùn-ún, ó tẹ́ ẹ síbẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó má baà ká.

Ìyá mi wò ó. Mo rò pé yóò gbàdúrà, nítorí ojú rẹ̀ ti ń dì.

Ó ní, “Ṣé afẹ́fẹ́ ni?”

Àbúrò mi ní, “Ó ń bọ̀.”